Ọgbọ́n Àwọn Tí Kò Fẹ́ Sọ̀rọ̀ Láwùjọ



Kí a tó sọ ohun kan, ó yẹ kí a jẹ́wọ́. Nígbà tí ìwé ìgbìmọ̀ yín tẹ̀ wá lọ́wọ́ pé kí a wá bá yín sọ̀rọ̀ ní alẹ́ yìí, ohun àkọ́kọ́ tí ó wá sí wa lọ́kàn ni pé kí a kọ̀wé padà pé a ń lọ sí ìrìn àjò. A kò ní ìrìn àjò kankan. Ohun kejì ni pé kí a dárúkọ ẹlòmíràn tí ó mọ̀wé jù wá lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí a fẹ́ dárúkọ náà ti fura, òun ni ó sì kọ́kọ́ dárúkọ wa. Nígbà tí ọ̀nà sísá ti dí báyìí, a pinnu láti sọ̀rọ̀ lórí ohun tí a mọ̀ dájú, tí a kò ní í yá ìwé ẹnikẹ́ni kà kí a tó lè sọ ọ́: èyíinì ni oríṣìíríṣìí ọgbọ́n tí ènìyàn máa ń dá kí ó má bàa dìde sọ̀rọ̀ láwùjọ.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ń lọ sí ìpàdé ìjọ fún ìwọ̀n ọdún 10 yóò ti mọ púpọ̀ nínú wọn. Ẹ wo inú ilé ìpàdé nígbà tí alága bá gbójú sókè tí ó ní, "Ta ni yóò bá wa sọ̀rọ̀ sí ohun tí a gbọ́ yìí?" Gbogbo ojú tí ó ti ń wo alága láti ìbẹ̀rẹ̀ a sì wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ojú àwọn tí abẹ́rẹ́ wọn bọ́ sílẹ̀. Ọkùnrin kan a bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn bàtà rẹ̀, a sì tún un so. A ti rí ẹni tí ó ṣe èyí, tí bàtà rẹ̀ kò ní okùn rárá. Arábìnrin kan a rántí lójijì pé ọmọ tí ó ń sùn lẹ́yìn òun ń fẹ́ atẹ́gùn. Bí ọmọ náà kò bá sì jí, a fura pé àwọn ìyá kan wà tí ọwọ́ wọn mọ ọ̀nà ẹsẹ̀ ọmọ lábẹ́ ọ̀já. Ọmọ a figbe ta, ìyá a sì jáde tọlátọlá, pẹ̀lú àánú gbogbo ìjọ lẹ́yìn rẹ̀. A kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ni gbogbo ìwọ̀nyí. Àwọn ọ̀gá iṣẹ́ náà ni àwọn tí í dìde dúró, tí wọn kì í sì í sọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú wọn wà tí a mọ̀ dáadáa. Bí a bá pè é, kíá ni yóò dìde, yóò tún agbádá rẹ̀ ṣe sí èjìká, yóò sì ní, "Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ pátá ni àwọn tí ó ṣáájú mi ti sọ tán," yóò sì jókòó. Ọ̀rọ̀ yìí dára púpọ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè bá a jiyàn. Ní ọjọ́ kan, òun ni alága kọ́kọ́ pè. Ó dìde, ó tún agbádá ṣe, ó sì sọ ọ̀rọ̀ náà gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ìdajì àwùjọ sì ṣe hàáà! kí wọ́n tó ronú pé kò sí ẹni tí ó ṣáájú rẹ̀.

Ẹlòmíràn a máa fi ìkíni lo àkókò rẹ̀. Yóò júbà alága; yóò júbà àwọn àgbà; yóò kí àwọn ìyá ìjọ, ẹgbẹ́ akọrin, àwọn àlejò, àwọn tí kò lè wá nítorí òjò, àti àwọn tí ó wà lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn. Yóò ní, "Tótó ó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin àgbà," àwọn àgbà yóò sì dáhùn pé yóò rí òmíràn pa. Bẹ́ẹ̀ ni kò tíì pa ọ̀kan. Bí ó bá ti ń dé àárín ìkíni, yóò wo aago ara ògiri, yóò ní, "Ṣùgbọ́n mo rí i pé àkókò kò dúró dè wá," yóò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wa fún sùúrù wa.

Ẹ̀kẹta wọn ni ẹni tí í gbé orin. Ó ní kí òun tó sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ orin kan. Yóò sì yan èyí tí ó ní ẹsẹ mẹ́fà, a kì í sì í fo ọ̀kan. Nígbà tí a bá fi máa ṣe Àmín, tí a lajú, arákùnrin wa ti jókòó, ó ń nu òógùn ojú rẹ̀ bí ẹni tí ó ti wàásù. Kí a sọ òtítọ́, nínú gbogbo wọn, òun ni a fẹ́ràn jù, nítorí pé ìjọ tilẹ̀ rí nǹkan mú lọ sílé lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ibi kan tún wà tí àwọn àgbàlagbà máa ń sá sí, tí ó ṣòro láti fà wọ́n yọ níbẹ̀: inú òwe ni. Bí a bá bi bàbá léèrè pé kí ló dé tí kò fi dá sí ọ̀rọ̀ tí ó kan gbogbo wa, yóò ní ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀ fífọ́ ní í fọ́. Yóò ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Òótọ́ ni òwe méjèèjì. Ṣùgbọ́n lójú tiwa, àwọn oníwàásọ̀ àti olófòófó ni àwọn baba wa pa wọ́n fún. Àwọn tí kì í sọ ohunkóhun ni ó wá jí wọn lò. Àwọn baba wa kan náà ni ó sì sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Báwo ni àgbà ọjà náà ṣe fẹ́ ṣe é bí kò bá ní í la ẹnu? Bí ó bá kàn ń wúkọ́, ìyá ọmọ yóò rò pé tábà ni.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwa ni a dá àìsàn yìí sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Bíbélì yín mọ̀ pé Mósè gbìyànjú rẹ̀ níwájú Ọlọ́run fúnra rẹ̀. Bí a bá ka Ẹ́kísódù orí 3 àti orí 4 pẹ̀lú ìfarabalẹ̀, ìgbà márùn-ún ni ó wá ọ̀nà àbáyọ: ó béèrè pé ta ni òun jẹ́; ó béèrè orúkọ ẹni tí ó rán òun; ó ní àwọn ènìyàn kò ní í gbà òun gbọ́; ó ní ahọ́n òun kò yá; nígbà tí gbogbo rẹ̀ sì tán, ó bẹ̀bẹ̀ pé kí a kúkú rán ẹlòmíràn. A fún un ní Áárónì láti máa bá a sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin tí ahọ́n rẹ̀ wúwo yìí ni ó wá sọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìwé Deutarónómì, orí 34, láti ẹnu ara rẹ̀. A ti ń rò ó pé bí ahọ́n rẹ̀ bá fúyẹ́ ńkọ́?

Jónà ní tirẹ̀ kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí Jópà, ó wọ ọkọ̀ ojú omi tí ń lọ sí Táṣíṣì, Ìwé Mímọ́ kò sì gbàgbé láti kọ ọ́ pé ó san owó ọkọ̀. Nínú gbogbo àwọn tí a mọ̀ tí ó sá fún ìwàásù, òun nìkan ni a gbọ́ pé ó fi owó ara rẹ̀ sá. Nígbà tí ó sì dé Nínífè níkẹyìn, ìwàásù rẹ̀ tí a kọ sílẹ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ, odidi ìlú sì ronú pìwà dà. Ẹ̀yin oníwàásù tí ẹ jókòó síhìn-ín, a fi ìyẹn sílẹ̀ fún yín.

Ọkùnrin tí a fẹ́ kí ẹ fetí sí ìtàn rẹ̀ dáadáa kì í ṣe ará Bíbélì. Demosthenes ni orúkọ rẹ̀, ará Áténì ní ilẹ̀ Gíríìkì ni, a bí i ní ọdún 384 kí a tó bí Olúwa wa. Kò sí ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀ sọ ní gbangba jù ú lọ ní ìlú rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀; ṣùgbọ́n Plutarch tí ó kọ ìtàn rẹ̀ sọ pé nígbà tí ó kọ́kọ́ dìde, ohùn rẹ̀ kò lágbára, èémí rẹ̀ kúrú, àwọn ènìyàn sì fi í rẹ́rìn-ín. Ó lọ kọ́ yàrá kan sábẹ́ ilẹ̀, níbi tí yóò ti máa kọ́ ohùn rẹ̀. Kí ó má bàa jáde síta ṣáájú àkókò, ó fá ẹ̀gbẹ́ kan orí rẹ̀, ó dá ẹ̀gbẹ́ kejì sí, kí ìtìjú lè dá a dúró sínú ilé fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta. Àwa mọ àwọn tí ì bá fá ẹ̀gbẹ́ kan orí kí wọ́n má bàa lọ sí ìpàdé. Òun fá a kí ó lè mọ ọ̀rọ̀ sọ.

Síbẹ̀, ọkùnrin yìí kan náà, nígbà tí ó ti di olórúkọ, wá sá. Ní ọdún 324 kí a tó bí Olúwa wa, Harpalus tí í ṣe akápò Alẹkisáńdà ọba ńlá kó owó ọ̀gá rẹ̀ sá wá sí Áténì. Ní àkọ́kọ́, Demosthenes gba àwọn ará ìlú níyànjú pé kí wọ́n lé e lọ. Ṣùgbọ́n Plutarch ní ojú rẹ̀ wọ ife wúrà kan nínú ẹrù Harpalus, nígbà tí ilẹ̀ sì ṣú, ife náà dé ilé rẹ̀ pẹ̀lú owó. Ní ọjọ́ kejì ó wá sí àwùjọ, ó fi aṣọ irun àgùtàn wé ọrùn bọ́ǹbọ́. Nígbà tí wọ́n ní kí ó dìde sọ̀rọ̀, ó ń fi ọwọ́ ṣe àmì pé ohùn òun ti lọ. Àwọn ọlọ́yàyà ìlú ní kì í ṣe òtútù ni ó mú un lọ́fun, owó ni. Ẹ̀yìn náà, wọ́n dá a lẹ́bi, wọ́n bu owó ìtanràn ńlá lé e, ó sì di ìsáǹsá.

Nígbà tí a kọ́kọ́ ka ìtàn yìí, a pa ìwé dé, a kò sì lè rẹ́rìn-ín, nítorí pé àwa náà ti wé ọrùn rí. Kò sí ẹni tí ó fún wa ní ife wúrà. Ọ̀fẹ́ ni a ṣe é.

Bàbá káfíńtà kan wà nígbà èwe wa tí ó kọ́ wa ní ìwé kíkà. Kì í ṣe olùkọ́; òun fúnra rẹ̀ kò ka ìwé jìnnà. Bí ó bá ti ṣiṣẹ́ tán ní ìrọ̀lẹ́, yóò mú èédú, yóò kọ A, B, D sí ara pákó tí ó ti fá dán, àwa ọmọ mẹ́rin tàbí márùn-ún yóò sì máa pè é tẹ̀lé e. Bí a bá ti mọ pákó kan, yóò fá a nù, yóò sì kọ òmíràn. A kò san kọ́bọ̀. Nígbà tí ó kú, a ti di ẹni tí ń jẹun nínú ìwé tí ó kọ́ wa. Àwọn àgbà ìjọ ní kí a sọ̀rọ̀ ní ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀ nípa ìgbésí ayé rẹ̀ ní ọjọ́ ìsìnkú. A kò sùn ní òru ọjọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a mú ìborùn ìyá wa, a fi wé ọrùn nínú oòrùn tí ó lè yan iṣu, a sì wọ ilé Ọlọ́run tàwa ti ikọ́.

Wọ́n ṣàánú wa. Ẹlòmíràn ni ó dìde, ẹni tí kò mọ bàbá náà ju ọdún méjì lọ. Ó ṣe ìwọ̀n tí ó lè ṣe: ó ní olóògbé kì í pẹ́ dé ìsìn, kì í sì í jẹ gbèsè owó ìjọ. Àwọn ọmọ olóògbé tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá jókòó níwájú, wọ́n gbọ́ pé bàbá àwọn kì í pẹ́ dé ìsìn.

Ní alẹ́, opó rẹ̀ kan ilẹ̀kùn wa. Ó gbé oyin àti orógbó àti ataare dání. Ó ní, "Ọmọ mi, wọ́n ní ohùn rẹ lọ." Kí ni a lè sọ? A jẹ orógbó; a fi ataare lé e; omi bọ́ lójú wa, ìyá sì ní pé ó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ó jókòó tì wá títí a fi jẹ ẹ́ tán. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó dára. Ó ti dé báyìí. Sọ ọ́ fún mi." Títí di òní a kò mọ̀ bóyá ó mọ̀ láti òwúrọ̀. A sọ ọ̀rọ̀ pákó àti èédú náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohùn wa kò sì gbọ̀n rárá. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó sì ní, "Abájọ tí kò fi jẹ́ kí n fi pákó kan báyìí dáná." Àwọn ọmọ ti wọ ọkọ̀ ọ̀sán padà lọ.

Ẹnìkan lè bi wá pé kí ló dé tí a kò kọ ọ́ sínú ìwé kí ẹlòmíràn kà á. Ìbéèrè rere ni, ó sì dùn wá pé a kò rò ó. Ẹni tí ó rò ó ni Thomas Jefferson, ààrẹ kẹta ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹni tí ó mọ ìwé kọ gidigidi, tí ohùn rẹ̀ kò sì ròkè níwájú àwùjọ. Àwọn ààrẹ méjì tí ó ṣáájú rẹ̀ máa ń lọ síwájú ìgbìmọ̀ aṣòfin fúnra wọn láti sọ bí ìlú ti rí. Ní ọdún 1801 Jefferson kọ tirẹ̀ sínú ìwé, ó fi rán akọ̀wé rẹ̀ sí wọn, ó sì ní kí àkókò wọn má bàa ṣòfò ni. Àwọn ààrẹ tí ó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ rí i pé ọ̀nà náà dára. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó padà lọ fi ẹnu sọ tirẹ̀ títí di ọdún 1913, nígbà tí Woodrow Wilson dìde. Ọkùnrin kan wá ọ̀nà àtijókòó, odidi orílẹ̀-èdè sì bá a jókòó fún ọdún 112! A kò dá a lẹ́bi, nítorí pé iṣẹ́ náà di ṣíṣe, ọ̀rọ̀ náà sì dé etí àwọn tí ó ni ín.

Bí a ti ń rẹ́rìn-ín yìí náà, ẹ jẹ́ kí a rántí pé ẹ̀rù àwọn kan kì í ṣe ohun ẹ̀rín. William Cowper, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn ìjọ ń kọ orin rẹ̀ títí di òní, ni a fẹ́ fi sí ipò olùtọ́jú ìwé àkọsílẹ̀ ní ilé ìgbìmọ̀ àwọn ìjòyè ní ọdún 1763. Kí ó tó lè gba iṣẹ́ náà, yóò dúró níwájú àwọn ìjòyè kí wọ́n bi í ní ìbéèrè. Fún ọ̀pọ̀ oṣù ni ó ń múra rẹ̀, bí ọjọ́ sì ti ń sún mọ́ ni ẹ̀rù ń borí rẹ̀, títí ọkàn rẹ̀ fi dàrú, tí ó sì fẹ́ gba ẹ̀mí ara rẹ̀. A gbé e lọ sí ilé oníṣègùn kan ní ìlú St Albans. Ó pẹ́ kí ara rẹ̀ tó balẹ̀. Ẹni tí kò lè dáhùn ìbéèrè níwájú àwọn ìjòyè yìí ni òun àti John Newton jọ tẹ ìwé orin jáde ní ọdún 1779. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹnìkan tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n nígbà tí a pe orúkọ rẹ̀, ẹ má ṣe yára pè é ní ọ̀lẹ.

Ẹnìkan tún wà tí ó súnmọ́ wa jùlọ. Nígbà tí Samuel Ajayi Crowther dúró ní Freetown ní oṣù kìíní ọdún 1844 láti ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá fún àwọn ènìyàn wa tí a gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, kì í ṣe ọmọdé nínú iṣẹ́. A ti fi jẹ àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún tí ó ṣáájú. Ó mọ èdè Gẹ̀ẹ́sì wàásù. Èdè Yorùbá sì ni èdè tí ìyá rẹ̀ fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Síbẹ̀ ó kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ pé ní ọjọ́ náà, òun dà bí ọmọ ọwọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè ìyá rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì rí bí àlá lójú òun. Ó wàásù láti inú Lúùkù orí kìíní. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ó súre fún wọn tán ni pé gbogbo àwọn ènìyàn dáhùn pé, "Kó ṣẹ! Kó ṣẹ!"

A ti ronú púpọ̀ lórí ìdáhùn náà. Ẹni tí ó wà lókè ń gbọ̀n, àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ ni ó di í mú. Ní ìdàkejì, a wà níbì kan tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti ń ka ìròyìn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí ó ṣi ọ̀rọ̀ kan pè. Ẹnìkan lẹ́yìn tún un pè sókè lọ́nà tí ó tọ́, àwùjọ sì bú sẹ́rìn-ín, àwa náà pẹ̀lú wọn. Ó ka ìwé náà dé òpin. Láti ìgbà náà, a kò gbọ́ ohùn rẹ̀ ní ìpàdé mọ́, bẹ́ẹ̀ ni òun nìkan ni ó mọ bí a ti ń ṣe ìṣirò owó ẹgbẹ́ náà. Ọdún kejì sì ni owó náà dàrú. Ikọ́ rẹ̀ yẹn, àwa ni a fi í ṣe é.

A kò ní fa ọ̀rọ̀ gùn ju èyí lọ. Lójú ìwé ètò tí ó wà lọ́wọ́ wa, ohun tí ó kàn ni pé kí alága pe ẹni tí yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ wa ní orúkọ ìjọ. A kò mọ ẹni náà. Ṣùgbọ́n láti bí ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn ni arákùnrin kan ní ìlà kẹta ti ń tún okùn bàtà rẹ̀ so. Arákùnrin wa ọ̀wọ́n, ẹ dìde. A ti kó orógbó dání wá.